Ọmọ Nẹ́dálándì tó fi búrọ́ọ̀ṣì pẹ́ńtà wọ Amẹ́ríkà

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ni mò ń kùn níbí ní London, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ àwòrán ni mo kọ́ kí n tó kúrò nílé. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé ọmọ Nẹ́dálándì kan wà tó wọ Amẹ́ríkà láìní pépà, tó ń kun ilé jẹun, tí àwòrán rẹ̀ kan wá di ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù dọ́là. Ṣé òótọ́ ni, àbí ìtàn tí wọ́n fi ń tu èèyàn nínú ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, báwo ló ṣe bọ́ nínú iṣẹ́ ilé kíkùn?"

Ìdáhùn: Àbúrò mi, òótọ́ ni. Willem de Kooning ni ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ló gbà wọ Amẹ́ríkà lọ́dún 1926. Ó kun ilé, ó kọ pátákó, ó ṣe wíńdò ilé ìtajà bàtà lọ́ṣọ̀ọ́, kó tó di pé gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Owó tí ọ̀rẹ́ rẹ dá náà kì í ṣe àsọdùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ de Kooning kọ́ lowó ọ̀hún bọ́ sí. A óò dé ibẹ̀. Ìbéèrè rẹ ìkẹyìn ló mú kí n jókòó kọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó báyìí. O ní báwo ló ṣe bọ́ nínú iṣẹ́ ilé kíkùn. Lójú tèmi, kò bọ́ nínú rẹ̀ rárá. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́ nídìí iṣẹ́ náà wà nínú àwòrán rẹ̀ títí tó fi darúgbó, àmọ́ ẹni tí kò bá ti di búrọ́ọ̀ṣì pẹ́ńtà mú rí kì í tètè rí i. Ìwọ á rí i.

Rotterdam ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1904. Ìlú èbúté ni, ọkọ̀ ń dé, ọkọ̀ ń lọ, tọ̀sán tòru. Bàbá rẹ̀, Leendert, ń kó bíà àti ohun mímu mìíràn fún àwọn tó ń tà á. Ìyá rẹ̀, Cornelia Nobel, ń ṣe ilé ọtí tí àwọn atukọ̀ ń wọ̀. Ìgbéyàwó wọn fọ́ nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré gan-an. Cornelia le, ọwọ́ rẹ̀ sì yá sí ìyà. Àwọn tó ń ṣàlàyé àwọn àwòrán obìnrin tí de Kooning yà lẹ́yìn ìgbà náà kì í yé fa ọ̀rọ̀ ìyá yìí wọlé. Èmi ò rí i pé ó la ọ̀rọ̀ náà yé wa tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tó kúrò nílé ìwé lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Jan àti Jaap Giding, tí wọ́n ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe ilé àti ilé ìtajà lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ìlú náà lálẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí: Willem de Kooning Academie. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nígbà náà kì í ṣe ti "ya ohun tó bá wù ọ́". Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà gàdàgbà tí ọwọ́ ò ní gbọ̀n. Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà sọ pákó lásán di òkúta mábù lójú ẹni, àti bí wọ́n ṣe ń fa iṣan igi olówó ńlá sára ilẹ̀kùn igi yẹpẹrẹ. Àwòrán kan tó yà ní nǹkan bí ọdún 1921 wà ní Metropolitan Museum ní New York: abọ́ kan àti ohun èlò omi méjì. Dúdú àti àwọ̀ eérú nìkan ló fi yà á, òjìji ni gbogbo rẹ̀, o ò ní rí ibi tí ìlà kan ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọjá lára rẹ̀ kíákíá á rò pé fọ́tò ni. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó máa ń wo àwòrán rẹ̀ ti ọdún 1950 tí wọ́n á ní "ọmọ mi náà lè ya èyí". Ọmọ wọn ò lè yà á, ọ̀pọ̀ àgbà ò sì lè ya abọ́ yẹn.

Lọ́dún 1926 ó ti pé ọmọ ọdún méjìlélógún, Amẹ́ríkà sì ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀: owó, sinimá, àwọn omidan ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Iṣẹ́ ọnà kọ́ ló ń lé lọ o. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé ayàwòrán wà ní Amẹ́ríkà, pé wọn ò gbọ́ irú ẹ̀ rí ní Nẹ́dálándì. Ayàwòrán tó bá fẹ́ fi ilé sílẹ̀ nígbà yẹn, Paris ló ń lọ, bí Vincent van Gogh ti ṣe ṣáájú rẹ̀, tí Piet Mondrian náà sì ṣe. Ohun tí de Kooning ní lọ́kàn ni kó máa ya àwòrán ìpolówó ọjà, kó sì lówó lọ́wọ́ bí èèyàn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó mọ àwọn atukọ̀ ló bá a ṣe é. Wọ́n fi í pamọ́ sí ibi ẹ̀rọ nínú ọkọ̀ akẹ́rù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ SS Shelley. Ní oṣù kẹjọ, ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí Newport News ní ìpínlẹ̀ Virginia. Kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì tó sì gbọ́, òun náà ló fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ nígbà tó yá pé kò ju "yes" lọ. Ó yọ́ bọ́ sílẹ̀, ó bá ọkọ̀ ojú omi mìíràn dé Boston, ó gba Rhode Island kọjá, ó sì já sí Hoboken ní New Jersey, níbi tí ilé àwọn atukọ̀ ọmọ Nẹ́dálándì wà. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: ibi tí èèyàn ẹni wà lèèyàn kọ́kọ́ ń wá.

Nǹkan kan tó rí ní èbúté Hoboken wà lọ́kàn rẹ̀ títí ayé. Ọkùnrin kan to ife kọfí lọ́wọ̀ọ́wọ́ sórí káńtà fún àwọn tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́, ó gbé ìkòkò kọfí, ó sì ń dà á lọ láti ife àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn láìgbé ọwọ́ sókè. Èyí tó dà sílẹ̀ láàárín ife kan sí ìkejì kò kàn án. De Kooning ní òun wò ó, òun sì sọ fún ara òun pé Amẹ́ríkà rèé.

Kò pẹ́ tó dé tó ríṣẹ́ ilé kíkùn, dọ́là mẹ́sàn-án lójúmọ́, owó gidi sì ni nígbà yẹn. Lọ́dún 1927 ó rékọjá odò Hudson lọ sí Manhattan. Ọdún mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e kò ní ìtàn púpọ̀ tí mo fẹ́ sọ: ó ń kun ilé, ó ń kọ pátákó, ó ń ṣe wíńdò fún ilé ìtajà bàtà, ó ń ya àwòrán tirẹ̀ ní alẹ́ àti lọ́jọ́ ìsinmi, ó sì ń ba púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́.

Àwọn tó bá pàdé ló yí ìgbésí ayé rẹ̀ padà. Mẹ́ta ló máa ń dárúkọ: Stuart Davis, tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, John Graham, tó wá láti Kiev, àti Arshile Gorky, ọmọ Armenia tó sá àsálà fún ẹ̀mí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pa àwọn èèyàn rẹ̀ nípakúpa. Gorky ló sún mọ́ ọn jù. Gorky kò ní owó, ṣùgbọ́n yàrá iṣẹ́ rẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní, ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì kún ibẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ àwọn àgbà ayàwòrán láti òkè délẹ̀. De Kooning sọ pé òun tí òun lọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà gidi, lọ́dọ̀ Gorky lòun ti wá gbọ́ ohun tí òun ò mọ̀. Lẹ́yìn tí Gorky pa ara rẹ̀ lọ́dún 1948, ẹnìkan kọ̀wé nípa rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀dọ̀ de Kooning ló ti rí nǹkan kọ́. Inú bí ọmọ Rotterdam yìí, ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn iṣẹ́ ọnà náà: ó ní bí wọ́n bá fi dandan fẹ́ mọ ibi tí òun ti wá, 36 Union Square lòun ti wá. Àdírẹ́sì yàrá iṣẹ́ Gorky nìyẹn. Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn ju ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó sọ lọ. Wọ́n bi àjèjì nípa orírun rẹ̀, ó júwe ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ àjèjì bíi tirẹ̀.

Ní báyìí, gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ wà gan-an. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, ìjọba Roosevelt gbé ètò kan kalẹ̀ lọ́dún 1935 tó ń sanwó iṣẹ́ fún àwọn ayàwòrán. WPA ni wọ́n ń pè é. De Kooning wọ ètò náà. Wọ́n ní kó ṣètò àwòrán ara ògiri fún ilé gbígbé ìjọba kan ní Williamsburg, Brooklyn. Àwòrán náà kò dé ara ògiri láéláé, ìyẹn ò sì ṣe pàtàkì. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé, láti ìgbà tó ti dàgbà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó ń jí láàárọ̀ tí àwòrán nìkan jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1937 òfin dé pé ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ jẹ nínú ètò náà mọ́. Kò ní pépà, ó ní láti kúrò.

Ohun tó sọ nípa ọdún kan ṣoṣo yẹn rèé. Ó ní kí òun tó wọ ètò náà, iṣẹ́ ajé ni iṣẹ́ òun, àwòrán lòun ń fi há àárín rẹ̀. Lẹ́yìn tí òun kúrò níbẹ̀, òun pinnu pé àwòrán niṣẹ́ òun, iṣẹ́ ajé lòun á máa fi há àárín. Ó wá fi kún un pé ipò tí òun wà kò yàtọ̀ rárá, ojú tí òun fi ń wò ó ló yí padà. Ṣé o gbọ́ ìyẹn? Ó padà sídìí iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Owó ilé ṣì ń há a lọ́rùn. Kò sí ẹni tó ń ra àwòrán rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ó sì tún ku ọdún mọ́kànlá gbáko kó tó ṣe àfihàn tirẹ̀ àkọ́kọ́. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ó ní láti fi iṣẹ́ ilé kíkùn sílẹ̀ kó tó di ayàwòrán, irọ́ ni.

Àfihàn yẹn wáyé ní oṣù kẹrin ọdún 1948, ní gálárì Charles Egan ní New York. Dúdú àti funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìdí rẹ̀ sì máa dùn mọ́ ọ. Ọ̀dà inú túùbù tí àwọn ayàwòrán ń lò ti wọ́n jù fún un, ló bá lọ ra ẹnámẹ̀lì inú agolo, ti àwọn pẹ́ńtà. O mọ ọ̀dà yẹn: ó ń ṣàn, ó ń dán, kò ní dúró dè ọ́ kí o ronú. Ẹni tó bá ti fi ọ̀dà túùbù kọ́ṣẹ́, á bà á jẹ́. De Kooning ti ń bá irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ jà láti kékeré. Ó jẹ́ kí dúdú ṣàn wọ inú funfun, ó tún mú funfun gé dúdú padà, débi pé o ò ní mọ èyí tó wà níwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn. Museum of Modern Art ní New York ra ọ̀kan nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1948 yẹn kan náà. Ó ti pé ọdún méjìlélógún tó ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Jẹ́ ká wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wò díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wàá ti rí ara rẹ. Búrọ́ọ̀ṣì onírun gígùn tín-ín-rín tí àwọn akọ̀wé pátákó fi ń fa ìlà ló fi ń fa àwọn ìlà gígùn tó ń yí kiri inú àwòrán rẹ̀. Ọwọ́ tó bá ti kọ lẹ́tà sára wíńdò nìkan ló lè fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láìdúró. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí ìwọ náà fi ń ha ògiri wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. Ó lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, kó sì ha gbogbo rẹ̀ kúrò kó tó sùn, kó lè rí ojú kánfásì tó dán láti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó máa ń ya apá tàbí ẹsẹ̀ sórí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí èèyàn lè rí òdìkejì rẹ̀, á gé e, á fi pín-ìn-nì kàn án mọ́ àwòrán, á máa gbé e kiri títí á fi rí ibi tó gbà á. Àwọn akọ̀wé pátákó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti ìwé ìròyìn ló yà mí lẹ́nu jù. Kí ọ̀dà má bàa tètè gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó máa ń tẹ́ ìwé ìròyìn lé e lórí bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń kun ilé. Nígbà tó bá ṣí i, ìtẹ̀wé ti gbé ara rẹ̀ lé ọ̀dà tútù náà ní òdìkejì. Ẹlòmíì á nù ún kúrò. Òun fi í sílẹ̀. Nínú Easter Monday tó parí lọ́dún 1956, tó wà ní Metropolitan Museum, bí o bá súnmọ́ ọn dáadáa, wàá rí ìpolówó ọjà inú ìwé ìròyìn tó dojú kọ ẹ̀yìn, lẹ́tà rẹ̀ yí padà, láàárín àwọ̀ eérú àti búlúù.

Lọ́dún 1950 ó parí Excavation, tó ga ju mítà méjì lọ, tó sì fẹ̀ ju mítà méjì ààbọ̀ lọ. Art Institute of Chicago ló ni ín báyìí. Bí o bá wò ó láti ọ̀nà jíjìn, funfun tó dọ̀tí ni gbogbo rẹ̀. Bí o bá súnmọ́ ọn, eyín, ojú, ìgbọ̀nwọ́ ń yọjú, pupa díẹ̀ níhìn-ín, búlúù díẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n gbé e lọ sí Venice lọ́dún yẹn, sí ilé tí Amẹ́ríkà ti ń ṣàfihàn iṣẹ́ àwọn ayàwòrán rẹ̀. Lọ́dún 1954 wọ́n tún gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ìgbà méjèèjì yìí, ẹni tó ń ṣojú Amẹ́ríkà kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 1962 ló tó di ọmọ onílùú, nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlógójì lẹ́yìn tó dé. Ọdún méjì péré lẹ́yìn ìyẹn ni ààrẹ Johnson fi oyè Presidential Medal of Freedom dá a lọ́lá. Ìlú tó lé e kúrò nídìí WPA ni o.

Àwòrán tó sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń bá jà ni Woman I. Ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1950, ó ń yà á, ó ń ha á, ó ń yà á. Ó gé ẹnu obìnrin kan nínú ìpolówó sìgá Camel, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀kan nínú àwọn àwòrán tó fi ń gbìdánwò, nítorí ó ní òun nílò ibì kan tí ojú òun á dúró lé. Nígbà tó yá, ó sú u, ó yọ kánfásì náà kúrò lára igi rẹ̀, ó jù ú tì. Meyer Schapiro, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà ní Columbia University, wá kí i, ó ní kó fi í han òun, ó sì rọ̀ ọ́ pé kó tún un gbé. Lọ́dún 1952 ó parí. Obìnrin kan jókòó, ojú rẹ̀ ràgàjì, eyín rẹ̀ síta, ọmú rẹ̀ ńlá, ọ̀dà ń ya lára rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì.

Ní oṣù kẹta ọdún 1953 ó kó àwọn obìnrin rẹ̀ jáde ní gálárì Sidney Janis. Àwọn kan bínú pé ó ti da àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọn kì í ya èèyàn mọ́. Àwọn mìíràn ní ó kórìíra obìnrin ni, àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ò sì tíì tán títí dòní. Òun ní ẹ̀rín wà nínú wọn. Èmi gbà pé ìbínú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀rín náà sì wà níbẹ̀, ọ̀kan ò pa èkejì. Museum of Modern Art ra Woman I lọ́dún yẹn láìwẹ̀yìn. Lọ́dún 1953 yẹn náà ni ọ̀dọ́ ayàwòrán kan, Robert Rauschenberg, wá bá a pé kó fún òun ní àwòrán kan kí òun fi rọ́bà pa á rẹ́. De Kooning kò fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ó yé e. Ó mọ̀ọ́mọ̀ wá èyí tó máa ṣòro pa rẹ́ fún un. Ìwé tí wọ́n pa rẹ́ náà wà ní San Francisco Museum of Modern Art báyìí, nínú férémù.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ owó. Àwòrán tí ọ̀rẹ́ rẹ gbọ́ nípa rẹ̀ ni Interchange, tó yà lọ́dún 1955. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là ni wọ́n tà á nígbà náà. Lọ́dún 1989 wọ́n gbé e lu gbàǹjo, ó sì lé ní ogún mílíọ̀nù dọ́là. Kò sí iṣẹ́ ayàwòrán tó ṣì wà láyé tó tíì wọ́n tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Lọ́dún 2015, ọlọ́rọ̀ kan tó ń jẹ́ David Geffen tà á fún ọlọ́rọ̀ mìíràn, Ken Griffin, ní iye tí àwọn ìwé ìròyìn pè ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù. Ẹni tó yà á ti kú láti ọdún 1997. Àwọn tó rà tí wọ́n tún tà ló jèrè, bó sì ṣe máa ń rí nìyẹn. Má gbàgbé pé láti ọdún 1926 títí dé nǹkan bí ọdún 1955, kò sí ìgbà kan tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí owó ilé. Àwọn olè pàápàá wá mọ iye rẹ̀: lọ́dún 1985 ọkùnrin kan àti obìnrin kan gé Woman-Ochre kúrò nínú férémù rẹ̀ ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà University of Arizona ní Tucson, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọdún 2017 ni wọ́n tó rí i, lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá kan ní ìlú kékeré kan ní New Mexico.

Mi ò fẹ́ kí o rò pé gbogbo rẹ̀ dùn. Ọtí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó fẹ́ Elaine Fried lọ́dún 1943, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán tó mọṣẹ́ dáadáa, tí àwọn tó ń kọ ìtàn sì pẹ́ kí wọ́n tó fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọkọ kò mọ sílé, Elaine náà kì í ṣe ẹni tó ń dákẹ́ lójú kan. Obìnrin mìíràn, Joan Ward, ló bí ọmọ kan ṣoṣo tó ní fún un, Lisa, lọ́dún 1956. Elaine kó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún, wọn ò kọ ara wọn sílẹ̀, ó sì padà wá láti bá a jáwọ́ nínú ọtí nígbà tó ti ń darúgbó. Ó ṣàṣeyọrí níbẹ̀.

Lọ́dún 1963 ó fi New York sílẹ̀ lọ sí Springs ní East Hampton, létí òkun, níbi tó ti kọ́ yàrá iṣẹ́ ńlá kan tí òun fúnra rẹ̀ ya àwòrán ilé rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ pẹrẹsẹ, omi yí i ká, ìmọ́lẹ̀ ń ta láti inú omi wá. Ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi omi lójoojúmọ́; nǹkan tí ọmọ Nẹ́dálándì ò lè fi sílẹ̀ nìyẹn. Ní Springs ló ti ń lu ọ̀dà pọ̀ mọ́ omi, òróró àti bẹnsíìnì nínú abọ́ títí á fi fúyẹ́, tí kò sì ní gbẹ bọ̀rọ̀. Àwọn tó ń tọ́jú àwòrán ṣì ń jìyà rẹ̀ dòní, nítorí ọ̀dà náà rọ̀ jù, ó sì ń hunjọ.

Ọdún 1968 ló tó padà sí Nẹ́dálándì, fún àfihàn ńlá iṣẹ́ rẹ̀ ní Stedelijk Museum ní Amsterdam. Ọdún méjìlélógójì ti lọ. Ìyá rẹ̀ ti wá bẹ̀ ẹ́ wò ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1954, wọ́n sì tún ríra ní Nẹ́dálándì lọ́tẹ̀ yìí; nínú ọdún yẹn kan náà ni ìyá náà kú. De Kooning kò dúró nílé. Ó padà sí Springs.

Ní àwọn ọdún 1980, àrùn ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Ó sì ya ju ọ̀ọ́dúnrún àwòrán lọ láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn: kánfásì funfun gbalaja, pupa àti búlúù àti ìyeyè tó gùn, tó ń yí bí okùn. Lọ́dún 1989, ilé ẹjọ́ fi ọmọ rẹ̀ àti agbẹjọ́rò kan ṣe alábòójútó ohun ìní rẹ̀. Àríyànjiyàn wá bẹ́: ta ló ń ya àwọn àwòrán yìí, ṣé òun ni, àbí àwọn ọmọṣẹ́ tó ń bá a po ọ̀dà, tó ń bá a gbé àwòrán rẹ̀ àtijọ́ sórí kánfásì tuntun kó lè rí ibi bẹ̀rẹ̀? Lójú tèmi, èyí tó yà ṣáájú nǹkan bí ọdún 1987 jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, ó sì dára gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Àmọ́ ìlà yẹn ṣì dúró. Iyè rẹ̀ ti ń fò lọ, ọwọ́ akọ̀wé pátákó ṣì ń fa ìlà láìgbọ̀n. Ó kú lọ́jọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1997, ó ku díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún.

O ò bi mí léèrè ohun tí o lè ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé London lo wà, Tate, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ibẹ̀, ní àwòrán rẹ̀ kan tó ń jẹ́ The Visit, tó yà lọ́dún 1966 sí 1967. Wọn kì í gbé e síta nígbà gbogbo, nítorí náà wo íntánẹ́ẹ̀tì wọn kí o tó wọ ọkọ̀. Wọn kì í gba owó ìwọlé fún irú àwọn iṣẹ́ tó jẹ́ tiwọn bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan ni, ó jókòó, ó ya ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀, ara rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Má kọ́kọ́ wá obìnrin náà. Lọ wo bí ọ̀dà ṣe sáré, ibi tí búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ ti yọ̀ lórí èyí tí kò tíì gbẹ, ibi tó ti ha nǹkan kúrò. Lẹ́yìn náà kí o wá kọ̀wé sí mi, kí o sọ irú búrọ́ọ̀ṣì tí o rò pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan. Èmi ìwé ni mo kà. Ìwọ lo lè sọ ọ́.